Fọ́nrán Ọpọlọ Tí Ń Pa Ara Rẹ̀ Láró

Àgbàlagbà kan lè jẹun tán ní òwúrọ̀, kí ó tún pe àwọn ọmọ rẹ̀ jọ ní ìyálẹ̀ta, kí ó ní ebi ń pa òun, pé láti àná ni ẹnikẹ́ni kò ti fún òun ní oúnjẹ. Ó lè lọ sí ọjà tí ó ti ń ná láti ìgbà èwe rẹ̀, kí ó má mọ ọ̀nà ilé mọ́. Ó lè máa fi orúkọ àbúrò rẹ̀ tí ó ti kú pe ọmọ tí ó bí. Nígbà tí ọ̀ràn bá dé ibẹ̀ nínú agbo-ilé, àwọn kan á ní ogbó ni. Àwọn kan á ní ayé ni ó ń ṣe é. Àwọn mìíràn á bẹ̀rẹ̀ sí fi ojú àjẹ́ wo àgbàlagbà náà fúnra rẹ̀, pàápàá bí ó bá jẹ́ obìnrin tí ó ń dá sọ̀rọ̀ lóru.

Ohun tí ó ń fa èyí ni pé ẹnikẹ́ni kò rí ohun tí ó dín kù nínú orí ẹni náà. Bí ẹsẹ̀ bá kán, gbogbo ènìyàn á rí i. Bí ojú bá fọ́, a ó mọ̀. Ṣùgbọ́n ta ni ó lè wo inú agbárí? Fún ìgbà pípẹ́, àwọn oníṣègùn pàápàá kò mọ gbogbo ohun tí ń sọnù níbẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà tí wọ́n fi rí i nígbẹ̀yìn kò gba ẹ̀rọ ńlá: abẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, omi kẹ́míkà nínú abọ́, àti awò tí ń mú ohun kékeré tóbi. Pẹ̀lú ìwọ̀nyí, wọ́n mú kí fọ́nrán inú ọpọlọ pa ara rẹ̀ láró.

Ọpọlọ ènìyàn ní èèpo. Èèpo náà bò ó bí èèpo igi ti í bo igi. Orúkọ rẹ̀ ní èdè Látìnì, cortex, èèpo igi gan-an ni ó túmọ̀ sí. Kò nípọn rárá, nǹkan bíi mìlímítà 2 sí 4 ni. Síbẹ̀ inú rẹ̀ ni ènìyàn ti ń ronú, ibẹ̀ ni ó ti ń dá ojú ọmọ rẹ̀ mọ̀, ibẹ̀ ni ó ti ń ṣa ọ̀rọ̀ tí yóò sọ. Nínú gbogbo ọpọlọ, sẹ́ẹ̀lì tí ń gba iṣẹ́, tí ó sì ń rán iṣẹ́, tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 86,000. Sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan na fọ́nrán jáde láti ara rẹ̀, èyí tí ó fi ń bá àwọn mìíràn sọ̀rọ̀. Àwọn fọ́nrán wọ̀nyí tín-ín-rín ju irun orí lọ ní ọ̀pọ̀ ìgbà, wọ́n sì lọ́ mọ́ ara wọn bí òwú tí ọmọdé fi ṣeré. Ẹni tí ó bá gé ọpọlọ, tí ó wò ó lásán, kò ní rí ọ̀kan nínú wọn. Ohun rírọ̀ kan tí àwọ̀ rẹ̀ jọ eérú ni yóò rí.

Ní 1873, oníṣègùn ará Ítálì kan, Camillo Golgi, rí ọ̀nà láti fi kẹ́míkà tí ó ní fàdákà pa sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ní dúdú. Santiago Ramón y Cajal ti ilẹ̀ Sípéènì lo ọ̀nà náà, ó sì ya àwòrán àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí lọ́nà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣì ń wò títí di òní. Àwọn méjèèjì jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 1906, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èrò wọn kò ṣọ̀kan lórí ohun tí wọ́n rí. Ṣùgbọ́n àwọ̀ dúdú Golgi, ìrísí ni ó fi hàn, kò fi iṣẹ́ hàn. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn dúró lórí òkè, tí ó ń wo ọjà: ó rí orí, ó rí ọwọ́, kò mọ ẹni tí ń ta iyọ̀ yàtọ̀ sí ẹni tí ń ta aṣọ.

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti ara ọkàn àkèré. Ní 1921, ní ìlú Graz ní ilẹ̀ Ọ́síríà, Otto Loewi yọ ọkàn àkèré méjì, ó fi wọ́n sínú omi iyọ̀, wọ́n sì ń lù síbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ṣì ní iṣan ìmọ̀lára tí í máa mú kí ọkàn rọra lù. Loewi fi iná mànàmáná díẹ̀ kan iṣan náà, ọkàn náà sì bẹ̀rẹ̀ sí rọra lù. Ó wá bu omi tí ó wà lára ọkàn yìí, ó dà á sí ìkejì. Òun náà bẹ̀rẹ̀ sí rọra lù, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan iṣan kankan lára rẹ̀. Ohun kan ti bá omi náà wá. Loewi fúnra rẹ̀ sọ pé ojú oorun ni òun ti rí bí òun yóò ṣe ṣe ìdánwò náà.

Ohun tí ó bá omi wá ni wọ́n mọ̀ lẹ́yìn náà pé acetylcholine ni. Ońṣẹ́ ni. Bí fọ́nrán kan bá fẹ́ bá èkejì sọ̀rọ̀, á tú ońṣẹ́ yìí jáde sí àlàfo kékeré tí ó wà láàrin wọn, ońṣẹ́ á kan ìlẹ̀kùn èkejì, iṣẹ́ á sì dé. Henry Dale, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe iṣẹ́ púpọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, òun àti Loewi sì jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 1936.

Ońṣẹ́ tí ó ti jẹ́ iṣẹ́ tán kò gbọdọ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà kí ó máa kan ìlẹ̀kùn lọ́jọ́ gbogbo. Bí ó bá dúró, ìdààmú ni. Nítorí náà ara ní ohun tí ń gé e sí méjì kíákíá. Ohun náà jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí a ń pè ní ẹ́ńsáìmù. Ẹ́ńsáìmù ni òṣìṣẹ́ inú ara tí ń sọ nǹkan kan di òmíràn, tí òun fúnra rẹ̀ kì í sì í tán nídìí iṣẹ́. Obìnrin tí ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ mọ iṣẹ́ rẹ̀, bí kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀: nígbà tí àgbàdo tí ó rẹ bá hù, ẹ́ńsáìmù inú rẹ̀ ni ó ń sọ ìyẹ̀fun inú ọkà náà di ohun dídùn. Èyí tí ń gé ońṣẹ́ acetylcholine ni a ń pè ní acetylcholinesterase. Orúkọ náà gùn, ṣùgbọ́n kò ju «agé-acetylcholine» lọ.

Ohun tí ó kọ́kọ́ fi han àwọn onímọ̀ pé ẹ́ńsáìmù yìí ṣe pàtàkì wá láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní agbègbè Calabar, ní gúúsù ìlà-oòrùn Nàìjíríà, ewéko kan wà tí ń fà mọ́ igi lẹ́bàá odò. Èso rẹ̀ dà bí ẹ̀wà ńlá. Àwọn Efik ń pè é ní esere. Láyé àtijọ́, ẹni tí wọ́n bá fi ẹ̀sùn àjẹ́ kàn ni wọ́n máa ń fún ní esere jẹ. Bí ó bá bì í, wọ́n á dá a sílẹ̀. Bí ó bá kú, wọ́n á ní àjẹ́ ni tẹ́lẹ̀. Àwọn òyìnbó gbé ẹ̀wà náà lọ sí Skọ́tláǹdì, ní 1855 sì ni Robert Christison, olùkọ́ ìṣègùn ní Edinburgh, jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀ láti mọ ohun tí ó ń ṣe. Nígbà tí ó rí i pé agbára ń lọ kúrò lára òun, ó gbé omi ọṣẹ tí ó fi fá irùngbọ̀n mu kí ó lè bì, ó sì bọ́. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, wọ́n yọ ojúlówó májèlé inú ẹ̀wà náà sọ́tọ̀. Àwọn Faransé sọ ọ́ ní ésérine, láti ara orúkọ tí àwọn Efik ti fún un.

Ní 1926, Loewi àti ẹnìkejì rẹ̀, Navratil, fi hàn pé esere kì í jẹ́ kí ohun tí ń ba ońṣẹ́ náà jẹ́ ṣiṣẹ́. Ońṣẹ́ á wá pọ̀ jù. Itọ́ á máa ṣàn, òógùn á bò ènìyàn, iṣan ara á máa gbọ̀n, mímí á sì di ìṣòro. Àwọn àgbẹ̀ tí ń fọ́n oògùn sí oko òwú ní láti fetí sí èyí, nítorí àwọn apakòkòrò kan, bíi profenofos àti dichlorvos, ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà pa kòkòrò, ọ̀nà kan náà ni wọ́n sì lè gbà pa ènìyàn. Ẹni tí itọ́ àti omijé bá ń dà lójú àti lẹ́nu rẹ̀ lẹ́yìn tí ó fọ́n oògùn, ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.

Ní 1949 ni George Koelle àti Jonas Friedenwald, ní ìlú Baltimore ní Amẹ́ríkà, wá ronú kan ohun tí ó yí ọ̀rọ̀ padà. Bí ẹ́ńsáìmù yìí bá wà lára àwọn fọ́nrán, kí ló dé tí a kò fi ní jẹ́ kí ó fi ara rẹ̀ hàn? Wọ́n fi ẹ̀tàn mú un. Wọ́n lo ayédèrú ońṣẹ́ kan, acetylthiocholine, tí ó jọ acetylcholine ní gbogbo ọ̀nà àfi pé imí-ọjọ́ wà nínú rẹ̀ níbi tí kò yẹ kí ó wà. Ẹ́ńsáìmù kò mọ̀ ọ́n yàtọ̀, á gé e bí ó ti ń gé ti tòótọ́. Ègé tí imí-ọjọ́ wà lára rẹ̀ á bọ́ sílẹ̀, á sì lẹ̀ mọ́ bàbà tí wọ́n ti pò mọ́ omi náà. Níbẹ̀ ni àwọ̀ á ti jáde. Ní 1964, Morris Karnovsky àti Lorraine Roots tún ọ̀nà náà ṣe, tí ó fi jẹ́ pé àwọ̀ ń jáde lójú ẹsẹ̀ láìsí pé a tún fi omi kẹ́míkà mìíràn sí i. Àwọ̀ náà pọ́n rúsúrúsú bí omi obì.

Iṣẹ́ yìí yàtọ̀ sí ti aláró. Aláró á ki aṣọ bọ inú ìkòkò, gbogbo aṣọ á sì mu aró. Níhìn-ín, omi inú abọ́ kò pa ọpọlọ láró. Ibi tí ẹ́ńsáìmù ti ń ṣiṣẹ́ nìkan ni aró ti ń jáde, nítorí ẹ́ńsáìmù náà ni ó ń ṣe aró náà. Fọ́nrán tí kò ní in á wà láìláwọ̀. Bí a bá padà sí ọ̀rọ̀ ọjà, ó dà bí ìgbà tí gbogbo oníyọ̀ gbé àtùpà sókè lẹ́ẹ̀kan náà, tí àwọn tí kò ta iyọ̀ sì wà nínú òkùnkùn.

Iṣẹ́ náà gba sùúrù. Ènìyàn ní láti ti kú, ẹbí rẹ̀ sì ní láti ti yọ̀ǹda ọpọlọ rẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ á gbà á kí ó tó pẹ́ jù, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú kẹ́míkà tí ó jọ formol tí a mọ̀ ní ilé ìgbókùúsí, kí ó lè le díẹ̀. Kò gbọdọ̀ pẹ́ jù níbẹ̀, nítorí kẹ́míkà náà lè ba ẹ́ńsáìmù jẹ́. Wọ́n á gbé e sínú omi ṣúgà, kí yìnyín má baà fà á ya nígbà tí wọ́n bá mú un dì. Lẹ́yìn náà ni abẹ á bẹ̀rẹ̀ sí gé e. Ègé tí ó wọ́pọ̀ kì í nípọn ju ìdá kan nínú 25 mìlímítà kan. Ègé kọ̀ọ̀kan rọ̀ ju ewé lọ, búrọ́ọ̀ṣì kékeré ni wọ́n fi ń gbé e.

Ta ni yóò wá sọ pé ẹ́ńsáìmù yìí ni ó ṣe àwọ̀ tí a rí, pé kì í ṣe ìdọ̀tí tàbí kẹ́míkà tí ó ṣèèṣì dì? Ibí ni esere ti padà wọlé. Wọ́n á mú ègé méjì tí ó tẹ̀lé ara wọn, wọ́n á fi wọ́n sínú omi kan náà, ṣùgbọ́n wọ́n á fi oje ẹ̀wà Calabar sí ọ̀kan. Bí àwọ̀ bá jáde nínú èkíní, tí èkejì sì funfun, ẹ́ńsáìmù ni ó ṣe é. Ẹ́ńsáìmù mìíràn wà tí ó jẹ́ ìbátan rẹ̀, òun náà lè gé ayédèrú ońṣẹ́ náà. Oògùn mìíràn ni wọ́n fi ń dí òun lọ́wọ́ kí ó má baà da ọ̀rọ̀ rú. Ẹ̀wà tí wọ́n fi ń dá ẹni tí a fẹ̀sùn àjẹ́ kàn lẹ́jọ́ ní Calabar ni ó wá di ẹlẹ́rìí nínú iṣẹ́ tí ó lè gba ìyá arúgbó lọ́wọ́ ẹ̀sùn àjẹ́.

Láàrin 1980 sí 1990, Marsel Mesulam, oníṣègùn tí a bí ní ìlú Istanbul ní Tọ́kì, àti Changiz Geula lo ọ̀nà yìí lórí èèpo ọpọlọ ènìyàn ní Boston. Ohun tí wọ́n rí lábẹ́ awò pọ̀. Fọ́nrán aláwọ̀ obì kún gbogbo èèpo ọpọlọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò sí agbègbè kan tí wọn kò dé, wọ́n sì ní kókó kéékèèké lára bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sin sí okùn. Ṣùgbọ́n wọn kò pọ̀ bákan náà níbi gbogbo. Wọ́n pọ̀ jù lọ ní àwọn agbègbè tí ó jẹ mọ́ ìrántí àti ìmọ̀lára ọkàn: ìbẹ̀rù, ìfẹ́, ìbínú.

Wọ́n tún rí ohun kan tí kò sí ẹni tí ó retí rẹ̀. Yàtọ̀ sí fọ́nrán, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan nínú èèpo ọpọlọ àgbàlagbà kún fún ẹ́ńsáìmù náà. Nínú ọpọlọ ọmọ tuntun, wọn kò sí. Ní 1988 ni Mesulam àti Geula kọ ọ́ síwèé pé bí ènìyàn ṣe ń dàgbà ni àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí ń gba àwọ̀. Èèpo ọpọlọ kì í ṣe ohun tí a bí mọ́ni ní píparí; ó ṣì ń kọ́ iṣẹ́ tuntun lẹ́yìn tí ọmọ ti ń rìn, tí ó ti ń sọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn náà, wọ́n gbé ègé ọpọlọ àwọn tí àìsàn Alzheimer ṣe sínú omi kan náà. Alois Alzheimer, oníṣègùn ará Jámánì, ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nípa àìsàn yìí ní 1906, lẹ́yìn ikú obìnrin kan tí ó ti tọ́jú, tí ó gbàgbé gbogbo nǹkan. Ó fi fàdákà pa ọpọlọ obìnrin náà láró, ó sì rí àwọn àbàwọ́n àti àwọn fọ́nrán tí ó ti lọ́ pọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì. Àádọ́rin ọdún kọjá. Ní 1976, Peter Davies àti Maloney ní Edinburgh wọn ẹ́ńsáìmù kejì, èyí tí ń ṣe ońṣẹ́ náà, nínú ọpọlọ àwọn aláìsàn, wọ́n sì rí i pé ó ti lọ sílẹ̀ gan-an. Ní 1982, Whitehouse, Price àti àwọn ẹgbẹ́ wọn ní Baltimore lọ wo orísun àwọn fọ́nrán náà. Nítorí inú èèpo kọ́ ni púpọ̀ nínú wọn ti bẹ̀rẹ̀: ìsàlẹ̀ ọpọlọ ni, nínú agbo sẹ́ẹ̀lì kékeré kan tí wọ́n fi orúkọ Meynert, oníṣègùn ìlú Vienna, pè. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gòkè lọ sí gbogbo èèpo, bí odò tí ó ti orísun kan yà sí oko púpọ̀. Nínú àwọn aláìsàn tí wọ́n yẹ̀ wò, ó lé ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn sẹ́ẹ̀lì orísun yìí tí ó ti kú.

Odò tí orísun rẹ̀ bá gbẹ, oko ni yóò kọ́kọ́ mọ̀. Ègé tí a pa láró fi hàn: níbi tí ọpọlọ aláìlárùn ti kún bí àwọ̀n apẹja, ti aláìsàn ṣófo, fọ́nrán díẹ̀ tí ó ṣẹ́ kù já ní ibi púpọ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń gba àwọ̀ nígbà tí ènìyàn ń dàgbà, àwọn náà ń pa rẹ́. Dípò wọn, àwọn àbàwọ́n tí Alzheimer rí ni ó wá pọ́n, nítorí ẹ́ńsáìmù ti kóra jọ sínú wọn. Fọ́nrán kò sì já níbi gbogbo lọ́nà kan náà. Àdánù náà pọ̀ jù ní agbègbè ẹ̀gbẹ́ orí, lẹ́bàá etí, níbi tí orúkọ àti ìrántí ní iṣẹ́ púpọ̀. Ó kéré ní agbègbè tí ń darí ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Èyí bá ohun tí ẹbí ń rí nílé mu: bàbá lè fi ẹsẹ̀ líle rìn jáde, kí ó má mọ ibi tí ó ń lọ.

Ọ̀nà yìí ní ààlà rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ohun tí ó gba àwọ̀ ni ó ń ṣe ońṣẹ́. Sẹ́ẹ̀lì mìíràn lè ní agé-acetylcholine láìjẹ́ pé acetylcholine ni ó fi ń ránṣẹ́. Nítorí bẹ́ẹ̀, ní 1992, Mesulam àti Geula fi ọ̀nà mìíràn tí ń fi ẹ́ńsáìmù tí ń ṣe ońṣẹ́ náà hàn wé e. Nínú èèpo ọpọlọ ènìyàn, èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn fọ́nrán náà bá ara wọn mu, ọkàn wọn sì balẹ̀.

Láti inú ìmọ̀ yìí ni oògùn ti jáde. Bí ońṣẹ́ bá ti kù díẹ̀, a lè dí ẹni tí ń gé e lọ́wọ́, kí díẹ̀ tí ó kù lè pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Iṣẹ́ esere gan-an nìyẹn, ṣùgbọ́n ní ìwọ̀nba tí oníṣègùn ń ṣọ́. Donepezil, tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 1996, ń ṣe bẹ́ẹ̀. Rivastigmine náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, bátànì oje ẹ̀wà Calabar ni wọ́n sì wò ṣe é. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ta oko nítorí pé wọ́n sọ fún un pé oògùn yìí ń wo àìsàn náà sàn. Kì í wò ó sàn. Ó lè mú kí ìrántí àti àkíyèsí dára díẹ̀ fún ìgbà kan, ṣùgbọ́n fọ́nrán tí ó ti já kì í so padà, àwọn sẹ́ẹ̀lì mìíràn tí kò lo ońṣẹ́ yìí sì ń kú pẹ̀lú.

Ọ̀rọ̀ yìí ti kan àwọn Yorùbá fúnra wọn. Láti 1992 ni àwọn oníṣègùn Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Indianapolis ní Amẹ́ríkà ti bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀ lé àwọn àgbà ní ìlú méjèèjì, Yorùbá ní Ìbàdàn, aláwọ̀ dúdú ní Indianapolis. Ohun tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2001 ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu: nínú 100 àgbà tí ó ti pé ọdún 65, díẹ̀ lé ní 1 ni àìsàn Alzheimer ń mú lọ́dún ní Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ní Indianapolis, ó lé ní 2. Ìbéèrè lẹ́nu àti ẹ̀jẹ̀ tí a gbà lápá kò lè fi bí fọ́nrán ṣe rí nínú èèpo ọpọlọ hàn. Ọpọlọ gan-an ni a ó wò. Ìdí nìyí tí àwọn oníṣègùn ní Ìbàdàn fi dá ilé ìpamọ́ ọpọlọ sílẹ̀, tí wọ́n sì kọ ìròyìn nípa rẹ̀ jáde ní 2019.

Kò rọrùn. Mùsùlùmí fẹ́ kí òkú wọlẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọ̀pọ̀ ẹbí gbà pé ẹni tí ó lọ gbọ́dọ̀ lọ ní odindi, pàápàá orí. A kò lè fi ipá mú ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí a kan ọ̀rọ̀ náà lu ẹbí lójijì ní ẹnu ọ̀nà ilé ìgbókùúsí. Ìgbà tí àgbàlagbà náà ṣì lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ìfẹ́ rẹ̀ ni ó yẹ kí a ti bi í, ní ojú àwọn ọmọ rẹ̀, kí ọ̀rọ̀ náà má baà bá wọn nínú ẹkún.